Títún Ẹ́ńjìnnì Píkọ́ọ̀pù Ògbólógbòó Ṣe ní Ẹ̀yìnkùlé

Nígbà tí Ẹ̀ka yìí ní kí n wá fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ọkọ̀ àbúrò mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń retí ohun tí ó ga ju èyí lọ. Ẹ forí jì mí. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí: bí ó ti gbó, bí mo ti fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́, àti bí a ti tún un ṣe lẹ́bàá igi máńgòrò.

Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní 1979 ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sì jáde. A kò ṣe tuntun rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kò tíì tán lójú ọ̀nà oko. Òun ni àbúrò mi fi ń kó kókó àti gaàrí, nínú owó rẹ̀ ni ó sì ti ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Nọ́ńbà márùn-ún péré ni ó wà lójú ohun tí ń ka ìrìn rẹ̀. Bí ó bá ti pé 99,999 kìlómítà, òdo ni yóò tún padà sí. Gẹ́gẹ́ bí àbúrò mi ti wí, ó ti padà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó bá rí 41,000 lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà lè rò pé ọmọdé ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbó. Ihò mẹ́rin ni ó wà nínú èyí tí mo ń wí, písítìnì kọ̀ọ̀kan sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú tirẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 88 mìlímítà, ìrìn písítìnì láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ 81. Àyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ jẹ́ 1,971 kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà. Kì í ṣe ara irin ńlá ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n gbẹ́ ihò wọ̀nyí sí. Agolo irin mẹ́rin ni wọ́n kì bọ inú rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní sílíìfù, omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára sì ń kan ẹ̀yìn agolo náà tààrà. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ nílé, nítorí pé a lè fa agolo tí ó gbó yọ, kí a fi tuntun dípò rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìdí agolo ni ó pààlà sáàárín omi àti ọ́ìlì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé òrùka yìí.

Inú agolo kì í jẹ dọ́gba. Òkè rẹ̀, níbi tí ríǹgì àkọ́kọ́ ti ń yí padà, ni ó ń jẹ jù lọ. Ibẹ̀ ni iná ti gbóná jù, ọ́ìlì kì í sì í tó níbẹ̀. Ní àfikún, písítìnì a máa dúró díẹ̀ kí ó tó yí padà, ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni ọ́ìlì tí ìrìn rẹ̀ ń tẹ́ sáàárín yóò já, tí irin yóò sì fi ara ha irin. Eruku ọ̀nà oko ni ó tún wá burú jù. Èyí tí ó bá gba ibi tí fílítà ti ya wọlé yóò pò mọ́ ọ́ìlì, yóò sì máa lọ irin bí ọlọ ti ń lọ ata. Síbẹ̀, ohun tí gbogbo èyí ń jẹ lọ kò ju ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ojú ewé kan nínú ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó ìdá kan bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ni ó máa ń yọ tẹ́mósítáàtì dànù, wọ́n ní òun ni ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i kì í tètè gbóná tó bí ó ti yẹ. Omi àti bẹntiróòlù tí ó bọ́ sínú ọ́ìlì rẹ̀ kì í rí ooru tí yóò gbẹ wọ́n, ọ́ìlì náà a sì máa bàjẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. N kò fara mọ́ àṣà yìí rárá.

Nígbà tí ọkọ̀ náà kò lè gun òkè pẹ̀lú ẹrù mọ́, èéfín rẹ̀ ń ṣe búlúù. Búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jóná. Dúdú, pé bẹntiróòlù pọ̀ jù. Funfun tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, pé omi ń wọlé. Ṣùgbọ́n èéfín kò lè sọ ihò wo ni àrùn wà. Mo yá géèjì tí a fi ń wọn bí písítìnì ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, mo tú púlọ́ọ̀gì, mo sì wọn ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àbúrò mi ti ń fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Ìkíní fi 115 hàn, ìkejì 110, ìkẹrin 118; ìkẹta kò kọjá 70. Mo da ṣíbí ọ́ìlì kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì tún wọ̀n ọ́n. Bí ọ́ìlì bá gbé nọ́ńbà sókè, a mọ̀ pé àlàfo wà láàárín ríǹgì àti agolo, tí ọ́ìlì bá wa dí fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá gbé e, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó ń jò. Àwọn mẹ́ta gòkè dáadáa. Ìkẹta kò mira. Àrùn méjì ni ó wà níbẹ̀, owó kan ni ó sì wà lọ́wọ́ wa. Mo ní kí a tọ́jú fáàfù ìkẹta nìkan.

A ká orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀pù. Ọmọ àbúrò mi tí ń di sípánà mú fún mi ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí i bí ó ṣe ń gòkè.” Olùkọ́ ni mí, inú mi dùn pé ọmọ fẹ́ mọ̀. Mo fi sípánà yí kiráńkì. Písítìnì gòkè lóòótọ́, ó sì gbé agolo ìkẹta dání, kò ju sísanra èékánná lọ. Tọ́ọ̀pù ni ó máa ń tẹ agolo mọ́lẹ̀. Bí a bá ti ká a, kò sí ohun tí ó dì í mú mọ́, àfi kí a fi irin pẹlẹbẹ àti bọ́ọ̀tù dè é. Ìwé atọ́nà sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti kà á. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ agolo padà, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àbúrò mi pè mí láti ojú ọ̀nà, nígbà ìkórè kókó gan-an. Ọ́ìlì ti di àwọ̀ tíì tí a da mílíìkì sí, ìró kan sì ń kọ ko-ko-ko nísàlẹ̀, nítorí pé ọ́ìlì tí omi bá ti pò mọ́ kò lè gbé kiráńkì kúrò lára bẹ́ríìnì mọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan kan tí ẹ rí nígbà tí ẹ ń tò ó?” Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó dákẹ́ pẹ́.

Àwọn ènìyàn ní kí a lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin. Ìmọ̀ràn òmùgọ̀ kọ́; ọjọ́ méjì ni ì bá gbà wá. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ènìyàn tú tòkunbọ̀ wò kí ó tó sanwó, èmi sì ti kúrò nínú àfojúdíwọ̀n. A pinnu láti tún tiwa ṣe pátápátá.

Òpó irin mẹ́ta ni a gbé ṣéènì kọ́ láti fi fa ẹ́ńjìnnì jáde. N kò jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, nítorí ẹrù náà wúwo ju ọkùnrin méjì lọ. Gbogbo ohun tí a tú ni a kọ orúkọ ipò rẹ̀ sí, nítorí irin méjì tí ó ti jọ gbó kì í fẹ́ bá ẹlòmíràn gbé. Ìdí agolo kún fún ẹrẹ̀ àti ìpẹtà omi odò tí a ti ń dà sí radíétọ̀ láti ọdún pípẹ́. Mo wọn inú agolo ìkejì: nísàlẹ̀, 88 géérégé, lókè, 88.19. Kiráńkì ti há, a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ lọ irin, òun náà ni ó tẹ́ ojú tọ́ọ̀pù. Iṣẹ́ méjì wọ̀nyí nìkan ni ó jáde kúrò nílé.

Níbi agolo tuntun ni mo ti lo ọjọ́ mẹ́rin. Etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ ju ojú irin ẹ́ńjìnnì lọ, ní ìwọ̀n ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, kí tọ́ọ̀pù lè rí nǹkan tẹ̀. Bí kò bá yọ, omi yóò jò. Bí ọ̀kan bá yọ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, gásíkẹ́ẹ̀tì yóò jóná. Òrùka ìdí agolo tí sísanra wọn yàtọ̀ síra díẹ̀ ni a fi ń tún un ṣe, a sì gbọ́dọ̀ nu ibi tí òrùka jókòó sí títí tí irin yóò fi dán. Mo wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tú wọn, mo pààrọ̀ òrùka ìkẹta, mo tún wọ̀n. Nígbà tí wọ́n dọ́gba, mo fi irin pẹlẹbẹ dè wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kiráńkì. Mo ti ríǹgì kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo rẹ̀ ní òun nìkan, mo sì wọn àlàfo ẹnu rẹ̀, nítorí bí ooru bá mú un gùn tí ẹnu méjèèjì sì pàdé, yóò kán. Ọṣẹ àti omi gbígbóná nínú bàsíà ìyàwó mi ni a fi fọ gbogbo rẹ̀ kí a tó fi ọ́ìlì pa á. N kò tíì rí bàsíà mìíràn rà fún un títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Tọ́ọ̀pù ni a dè kẹ́yìn, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, nígbà mẹ́ta. A kò fi púlọ́ọ̀gì sí i nígbà tí a kọ́kọ́ yí i, títí iná ọ́ìlì fi kú lójú dásíbọ́ọ̀dù, kí bẹ́ríìnì má baà gbẹ. Lẹ́yìn náà ni a fi púlọ́ọ̀gì sí i, ó sì jí ní ìgbà kejì. Àbúrò mi kò gbé ẹrù wúwo sí i fún 800 kìlómítà, kò sì sá eré kan náà lójú kan fún ìgbà pípẹ́, kí ríǹgì lè mọ agolo.

Lọ́jọ́ tí 800 náà pé, a da ọ́ìlì àkọ́kọ́ sínú bàsíà kan náà. Àwa mẹ́ta ni a bẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Ó dúdú, ó sì ń dán díẹ̀ nítorí irin tuntun tí ó ti fara ha ara wọn; kò sí omi nínú rẹ̀. Ọmọ náà ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi í pa àtàńpàkò rẹ̀ wò, ó sì gbé e hàn bàbá rẹ̀.