Ohùn Mẹ́rin ti Èdè Ṣáínà

Ẹ̀gbọ́n mi ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọjà tí kò béèrè ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Ṣáínà, nítorí pé ògbufọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀. Ìdí nìyí tí èmi tí mo ń gbé ní Ọ̀yọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Ṣáínà.

Ohùn mẹ́rin ni èdè náà ní. “Mā” ni ìyá, “mǎ” ni ẹṣin. Ẹni tí ó bá ṣì í pè, ó ti sọ ìyá oníyàá di ẹṣin. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀. Àmọ́ ohùn tiwọn kì í ṣe tiwa: “mǎ” ń wálẹ̀ kí ó tó gòkè. Nítorí náà, gbólóhùn márùn-ún ni mò ń tẹ́tí sí láràárọ̀. Mò ń pè é tẹ̀lé wọn, mo sì ń gba ohùn ara mi sílẹ̀ sórí fóònù láti fi wé tiwọn.

Bí ó bá sú mi, mo máa ń rántí T. J. Bowen, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà tí ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ó ti dàgbà kí ó tó kọ́ Yorùbá, síbẹ̀ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1858. Ó ní àwọn tí ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù fún mi. Mo béèrè pé, “Duōshao qián?”, èló ni? Wọ́n sì dá mi lóhùn.