Kọ̀ǹpútà Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jáde Nínú Páálí, Àlejò Òjijì Ti Wà Nínú Ẹ̀!

Kéèyàn fowó ara ẹ̀ ra kọ̀ǹpútà, kó wá jẹ́ ìpolówó tí kò bẹ̀ ni yóò máa bá pàdé. Irú ìwà wo nìyẹn?

Ohun tójú àwọn ará Amẹ́ríkà rí ní 2014 nìyẹn, nígbà tí Lenovo ń ta kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ti ki Superfish bọ̀ nínú. Béèyàn bá ń wo ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Superfish á ti ìpolówó tiẹ̀ bọ àárín.

Ìpolówó kọ́ lẹ̀rù o! Kó tó lè ráyè ṣe bẹ́ẹ̀, ó fi ìwé-ẹ̀rí ayédèrú sínú Windows tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, ó wá dúró sáàárín èèyàn àti báńkì ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn. Oníjìbìtì tó bá rí ẹyọ kan, ó ti rí ti gbogbo wọn nìyẹn.

Àṣírí tú lóṣù kejì ọdún 2015. Àwọn kan sáré yọ Superfish, wọ́n ní ó parí. Ó parí kẹ̀! Ìwé-ẹ̀rí yẹn ṣì jókòó síbi tó wà. Àfi kí wọ́n tún padà wọnú Windows lọ pa á rẹ́. Lenovo fúnra ẹ̀ gbé irinṣẹ́ tó ń yọ méjèèjì jáde, ó sì gbà ní 2017 láti san mílíọ̀nù 3.5 dọ́là fún ìpínlẹ̀ 32.