Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́, kí ló dé tí Windows 11 fi ń kọ̀ ọ́?

Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ Microsoft fi òpin sí àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn bọ́ sórí Windows 11. Àmọ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ gbìyànjú rẹ̀, èsì tó jáde ni pé kọ̀ǹpútà wọn ò kún ojú òṣùwọ̀n.

Ohun tó ń dun àwọn èèyàn nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ń tàn, ó ń tẹ lẹ́tà, ó ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ àtúnṣe yìí?

Windows ni ètò tó ń darí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí fáìlì tàbí tẹ̀wé jáde, òun ló ń pín iṣẹ́ náà. Tí ihò bá wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbà wọlé. Àtúnṣe tó ń wá lóṣooṣù ló ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò rí àtúnṣe gbà kò ní kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ihò tuntun tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ yóò wà ní ṣíṣí ni.

Kí ni Windows 11 ń wò?

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń wo processor, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 2017 sókè ló ń gbà, àfi díẹ̀ nínú ìran keje. Èkejì ni TPM 2.0, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ti fáìlì pa. Bí olè bá yọ dísìkì yín lọ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, kọ́kọ́rọ́ yìí ni kò ní jẹ́ kó rọrùn fún un láti ṣí i.

Microsoft ní nítorí ààbò ni, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe irọ́. Àmọ́ ibi tó ti ń bí àwọn èèyàn nínú rèé: Core i7-7700 yára ju Celeron N4000 lọ fíìfíì, síbẹ̀ Celeron yẹn ni Windows 11 gbà, ó kọ i7. Ẹni tó ní i7 yìí ò lè gbà pé kọ̀ǹpútà òun ló lẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń lo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà gan-an, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti pẹ́ nílùú òyìnbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ṣé ariwo lè yí i padà?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 2012, Windows 8 yọ bọ́tìnì Start kúrò. Àwọn èèyàn pariwo, Microsoft sì dá bọ́tìnì náà padà nínú Windows 8.1 lọ́dún 2013. Ti ọ̀tẹ̀ yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá, ọdún 2024, wọ́n tún sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ TPM 2.0 ò ní dúnàádúrà nínú.

Kí lẹ lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ tpm.msc, kí ẹ tẹ Enter. Tí ẹ bá rí 2.0 níbẹ̀, ó dáa. Tó bá ní òun ò rí TPM, ó lè jẹ́ pé wọ́n pa á ni. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe lè bá yín tàn án.

Fún àwọn tó ṣì fẹ́ wà lórí Windows 10, Microsoft gbé ètò ọdún kan kalẹ̀ fún àtúnṣe ààbò, títí di ọjọ́ 13, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2026. Ọgbọ̀n dọ́là ni, àmọ́ ẹni tó bá jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa wọ inú àkáǹtì Microsoft rẹ̀ kò ní sanwó.

Ọ̀nà mìíràn ni Linux Mint, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ lè ti orí flash dán an wò láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn kí ẹ tó gbé e wọlé pátápátá.

Tó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ wo nọ́mbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-7200U jẹ́ ìran keje. Ẹ wò ó dáadáa kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.