Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ń Dá Ṣiṣẹ́ Lóru: Àlàyé fún Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Nígbà tí àwọn olóòtú ní kí a kọ ohun tí yóò ṣe ìdílé láǹfààní nípa ẹ̀rọ ìgbàlódé, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni ìpè kan tí a gbà láti ọ̀dọ̀ ìyá kan nínú ìjọ wa.

Ìyá yìí ti gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, nítorí pé géèmù kò jẹ́ kí ó rí àyè kàwé mọ́. Ó gbé e sínú yàrá tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, ó ní ibẹ̀ ni yóò wà títí ìdánwò yóò fi parí. Ní òru ọjọ́ kẹta, ó tají, ó sì rí i pé kọ̀ǹpútà náà ti dá tàn. Ojú rẹ̀ ń kọ mànà. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sáré, wọ́n ń fo odi, wọ́n ń yí padà sí ọ̀tún àti sí òsì, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí àga. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ó ti pè wá pé kí a wá gbàdúrà, nítorí pé ọwọ́ àìrí ti wọ ilé òun.

A lọ, a sì bá a gbàdúrà, nítorí àdúrà kì í pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a ṣe àmín tán, a béèrè ibi tí ọmọ wà ní òru náà. Ọmọ wà lórí ibùsùn rẹ̀, ó fi aṣọ borí, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe ọwọ́ àìrí. Ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

A kò fi ìyá náà ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí a kò bá ṣàlàyé fún ènìyàn, orúkọ tí ó bá wá sí i lẹ́nu ni yóò pè é. Nítorí náà ni a fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ọmọ yìí ṣe, ìwúlò rẹ̀ fún ìdílé, àti ewu tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Àwòrán ni ó ń rìn, kọ̀ǹpútà kò kúrò lójú kan

Nígbà tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ lọ jókòó níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń ro kọ̀ǹpútà: ibi tí ó bá wà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ìrònú yìí kò tọ̀nà mọ́. A lè fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní pálọ̀, kí a máa wo ojú rẹ̀ láti inú yàrá, láti ṣọ́ọ̀bù, tàbí láti ìlú mìíràn, kí a sì máa fi ọwọ́ darí rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ètò méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà nílé. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní onílé. Èkejì wà lórí fóònù, tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà àgbéletan tí a mú lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a pe ìyẹn ní àlejò. Onílé ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ líle. Yóò máa ya àwòrán ojú ara rẹ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò ká a kí ó lè fúyẹ́, yóò sì fi ránṣẹ́. Àlejò yóò tú u, yóò fi hàn wá. Bí a bá sì fi ìka kan ojú fóònù, yóò rán ìfọwọ́kàn náà padà sí onílé, bí ẹni pé àwa gan-an ni a di máòsì rẹ̀ mú. Ẹ rántí balógun ọ̀rún inú ìwé Ìhìnrere, tí ó gbà pé kò di dandan kí Olúwa dé ilé òun kí ọmọ-ọ̀dọ̀ òun tó lè sàn, bí Ó bá ti sọ ọ̀rọ̀ náà. Àṣẹ lè ti òkèèrè wá, kí iṣẹ́ sì di ṣíṣe níbi tí ó yẹ kí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ìdí nìyí tí fóònù olówó pọ́ọ́kú fi lè gbé géèmù ńlá tí kò lè dá gbé láéláé. Kì í ṣe fóònù ni ó ń ṣe géèmù náà. Àwòrán rẹ̀ nìkan ni ó ń fi hàn. Kọ̀ǹpútà àgbéletan àtijọ́ tí a ti pa tì sí ìdí àpótí pẹ̀lú lè di ojú kejì fún kọ̀ǹpútà tuntun kan ṣoṣo tí ó wà nínú ilé.

Ìṣirò díẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ bá wa kálọ. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ ní àmì kéékèèké 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, ó jẹ́ 2,073,600. Bíìtì 24 ni a fi ń kọ àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá wá fi èyí ránṣẹ́ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù bíìtì mẹ́ta. Ẹrù yìí wúwo ju ohun tí Wi-Fi inú ilé púpọ̀ lè rù lọ.

Ohun tí ó yọ wá ni kíká àwòrán. Láti àwòrán kan sí èyí tí ó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ nǹkan kì í yí padà. Ońṣẹ́ tí ó ń jábọ̀ fún ọba láràárọ̀ kì í tún ka iye ilé tí ó wà ní ìlú. Ohun tí ó yí padà láti àná ni yóò sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìlànà ìkáwòrán tí a ń pè ní H.264, èyí tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2003, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó lè sọ bílíọ̀nù mẹ́ta yẹn di mílíọ̀nù bíìtì 10 sí 20, kí ojú wa má sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀.

Ṣùgbọ́n géèmù le ju fíìmù lọ ní ọ̀nà kan. Bí a bá ń wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ lè gba apá kan sílẹ̀ ṣáájú, kí ó má baà dúró bí nẹ́tíwọọ̀kì bá fà sẹ́yìn. Géèmù kò ní ohun tí a lè gbà sílẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ohun tí ọwọ́ wa bá ṣe nísinsìnyí ni yóò sọ bí àwòrán tí ó kàn yóò ti rí. Àwòrán kọ̀ọ̀kan kò ní ju ìdá 17 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kí òmíràn tó dé. Bí ọ̀nà bá dí díẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò ti wọlé kí ẹni tí ó wà ní ilé bọ́ọ̀lù tó fò.

Àwọn ètò tí ó wà

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun pátápátá. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn olùwádìí kan ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ètò VNC jáde fún wíwo ojú kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn. Microsoft náà ní Remote Desktop, ṣùgbọ́n Windows oríṣi Home kò lè jẹ́ onílé fún un. Oríṣi Pro ni ó lè ṣe é. Chrome Remote Desktop ti Google jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò mọ̀ ju iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ.

Ti géèmù ni ó pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọdún 2014 ni Valve fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú Steam, èyí tí ó wá ń jẹ́ Remote Play láti ọdún 2019. Àwọn ètò ọ̀fẹ́ méjì tún wà tí wọ́n jọ ń rìn: Sunshine fún onílé, Moonlight fún àlejò. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lò. Ìyá rẹ̀ rò pé òun ti pa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó kàn sùn ni, kò kú. Kọ̀ǹpútà tí ó sùn, tí wáyà ráútà sì wà lára rẹ̀, a lè fi ìránṣẹ́ kékeré jí i láti ibòmíràn nínú ilé.

Ohun tí ilé nílò, àti iye tí yóò náni

Àkọ́kọ́, ẹ fi wáyà so onílé mọ́ ráútà bí ó bá ṣeé ṣe, kí àlejò nìkan sì máa lo Wi-Fi. Bí ráútà bá ní 5 GHz, ẹ lò ó dípò 2.4 GHz, nítorí ariwo àwọn ẹ̀rọ ilé àti ti aládùúgbò pọ̀ lórí èyí tí ó kéré. Kìkì pé 5 GHz kì í la ògiri púpọ̀ kọjá. Èkejì, bí iná bá lọ, onílé àti ráútà yóò kú pọ̀. Ẹni tí kò ní ínfátà, kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé ètò yìí fún iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ dúró.

Ní ti owó, bí onílé àti àlejò bá wà lórí ráútà kan náà, àwòrán kò jáde kúrò nínú ilé, dátà tí a rà kò sì dín kù. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá jáde lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní mílíọ̀nù bíìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá, wákàtí kan jẹ́ gígábáìtì 4.5. Dátà ilé yóò san án bí ó ti ń jáde, dátà fóònù yóò sì tún san án bí ó ti ń wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù lè béèrè bóyá ẹ lè lo kọ̀ǹpútà tí ẹ fi sílẹ̀ nílé. Wáyà MainOne tí ó gba abẹ́ òkun láti Èkó dé ilẹ̀ Pọ́túgàl gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Àlọ àti àbọ̀ nìkan ti gba ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún, kí a tó ka ìdádúró mìíràn. Ẹ lè ka ìwé, ẹ lè bá Bàbá tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe. Ṣùgbọ́n géèmù bọ́ọ̀lù kò ní dùn.

Kọ́kọ́rọ́ ni, ẹ má fi fún àlejò

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí ọmọ yín lè fi bá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe láti òkèèrè, irú rẹ̀ kan náà ni olè fi ń wọlé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ sí àwa pàápàá. Ẹnì kan pè wá, ó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́, ó sì ní àkáǹtì wa fẹ́ tì. Ó ní kí a gba áàpù kan, kí a sì ka nọ́ńbà tí ó bá hàn fún òun. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń pè wá ní “Bàbá.” A ti gba áàpù náà tán, a ti ń wá awò ojú wa láti ka nọ́ńbà, kí ọmọbìnrin wa tó gba fóònù lọ́wọ́ wa. Bí a bá ti kà á ni, gbogbo ohun tí a bá ṣí lójú fóònù ni òun náà ìbá máa rí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ka irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá pè yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ pe ẹni tí ẹ mọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí ó le sí kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe ṣí Remote Desktop sílẹ̀ gbayawu sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì máa wo orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí a ti gbà láyè lórí onílé. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìparí fún òbí

Ìyá yẹn béèrè lọ́wọ́ wa bóyá kí òun ra àgádágodo. A ní kí ó yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri, ìyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n wáyà kò lè tọ́ ọmọ. A pe ọmọ náà jókòó. A kò sọ fún un pé géèmù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. A sọ fún un pé ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀ lóru, òun mọ ohun tí ó fà á, ó sì dákẹ́. Ibi tí ó dùn wá nìyẹn, ibẹ̀ ni òun náà sì ti sunkún.

Lẹ́yìn ìdánwò, kọ̀ǹpútà padà sí pálọ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó fi Chrome Remote Desktop sórí fóònù ìyá rẹ̀, tí ó sì kọ́ ọ bí yóò ti máa ṣí ìwé ìṣirò ọjà láti ṣọ́ọ̀bù, láìjẹ́ pé ó ń pe ilé pé kí wọ́n bá òun wò ó. Ìyá ni ó yan nọ́ńbà ìgbaniwọlé, kò sì sọ ọ́ fún ọmọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín fi ohun tí wọ́n mọ̀ hàn yín kí òru tó fi hàn yín.

Kí Ọlọ́run bù kún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí Ó sì fi òye sí ilé olúkúlùkù wa. Àmín.