Sou Kan Lọ́sẹ̀: Owó àti Àdúrà Tó Gbé Míṣọ́nnárì Dé Èkó

Ọdún 2026 ló pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Póòpù Pius Kọkànlá ti ya Ọjọ́ Ìsinmi kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún iṣẹ́ míṣọ́nnárì káàkiri ayé. Ìsinmi tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn oṣù October ni, ọjọ́ 18 ló sì bọ́ sí lọ́dún yìí. Ní ìjọ Kátólíìkì gbogbo, láti Àgùdà dé Lawanson, láti Yábà dé Mushin, owó igbá ọjọ́ náà kì í wọ àpò ìjọ. Àpò àpapọ̀ tó wà lábẹ́ Póòpù ló ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in fún dáyósíìsì tó lé ní ẹgbẹ̀rún, níbi tí ìjọ kò tíì lágbára láti dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Àwọn dáyósíìsì ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó ń jẹ níbẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọrẹ yìí kàn ń ṣan lọ sọ́dọ̀ àwọn àjèjì.

Irú owó táṣẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé àwọn àlùfáà Kátólíìkì dé Èkó níbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní ìlú Lyon, nílẹ̀ Faransé, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Pauline Jaricot lorúkọ rẹ̀, ọmọ oníṣòwò sílíìkì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ àlùfáà ló ń sọ ìyà tó ń jẹ àwọn míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ Ṣáínà fún un. Pauline kò lè lọ síbẹ̀, kò sì jókòó káwọ́ gbera. Ó tọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń hun sílíìkì lọ, ó ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan máa dá sou kan lọ́sẹ̀. Ogún sou ló ń jẹ́ fráńkì kan, owó tó kéré jọjọ ni.

Ètò rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ẹnì kan ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá. Mẹ́wàá irú agbowó bẹ́ẹ̀ ń kó tiwọn fún olórí ọgọ́rùn-ún, àwọn olórí ọgọ́rùn-ún mẹ́wàá náà ń kó o fún olórí ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá ti bá alájọ da owó pọ̀ rí, tó mọ bó ṣe ń fi bírò sàmì sí káàdì lójoojúmọ́, ti lóye ètò Pauline tán, àfi pé owó tí wọ́n dá níbẹ̀ kì í padà sọ́wọ́ ẹni tó dá a. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹgbẹ̀rún èèyàn, sou kan lọ́sẹ̀, fráńkì 50 ni. Kí ọdún tó yí po, ó ti di fráńkì 2,600. Kò sí ahunṣọ kan ní Lyon tó lè dá irú owó bẹ́ẹ̀ yọ lápò, ṣùgbọ́n sou kan kò ni wọ́n lára. Àdúrà tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú rẹ̀ kò gùn: Baba Wa kan, Mo Kí Ọ Màríà kan lójúmọ́, kí wọ́n sì ké pe Francis Xavier Mímọ́. Ọjọ́ 3 May 1822 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ìtànkálẹ̀ Ìgbàgbọ́ sílẹ̀ lórí ètò yìí. Pauline kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà.

Ní Lyon yìí kan náà, ní ọjọ́ 8 December 1856, Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì Áfíríkà sílẹ̀, àwọn tí a mọ̀ sí SMA. Ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní May 1859. Ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ wà nígboro lásìkò náà. Ní ọjọ́ 25 June, ó ti kú, òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni. Fàdá Augustin Planque tó kù sí Lyon ì bá ti pa ilé ẹgbẹ́ náà dé, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń dáwó fún Ẹgbẹ́ Ìtànkálẹ̀ Ìgbàgbọ́ kò dáwọ́ dúró. Lọ́dún 1861, Fàdá Francesco Borghero, ará Ítálì, dé Ouidah nílẹ̀ Dàhòmì. Ní September 1863, ó wá wo Èkó.

Àwọn tó bá ní Èkó ti ń gbàdúrà kó tó dé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bìràsílì, tí wọ́n sì ti padà wálé, ni. Àwọn tí Èkó ń pè ní Àgùdà, orúkọ tí àdúgbò wa ń jẹ́ títí dòní. Ẹni tó ń ṣáájú wọn ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Kì í ṣe àlùfáà. Ẹrú tó gba òmìnira ni. Òun ló ń kó wọn jọ fún àdúrà, òun ló ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, láìsí bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń sanwó fún un. Ọdún 1868 ni Fàdá Pierre Bouche tó wá fìdí kalẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross, tó parí ní 1881, ọwọ́ àwọn ọ̀gá bíríkìlà àti káfíńtà Àgùdà ni iṣẹ́ náà wà. Lójú tèmi, a kì í dárúkọ Padre Antonio tó bó ṣe yẹ nínú ìjọ wa. Àwọn ará Lyon dá owó, ẹrú tó di òmìnira yìí sì ti pa iná ìgbàgbọ́ mọ́ kí àwọn àlùfáà tó dé. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú ìtàn náà ti ṣì í sọ.

Lónìí, àwa náà ń ránni jáde. Lọ́dún 1977, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà ṣí sẹminárì míṣọ́nnárì sí Ìpẹru Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí Kádínà Dominic Ekandem jà fún gan-an. Ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀; àwọn àlùfáà rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní Kamẹrúùnù, Làìbéríà àti Botswana. Àwọn ará wa nínú ìjọ mìíràn kò sùn pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ ECWA ti wà láti 1948, àwọn agùnbánirọ̀ ní Zaria sì ni wọ́n dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CAPRO sílẹ̀ ní 1975.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti ju ₦1,500 lọ. Míṣọ́nnárì tó wà ní Kamẹrúùnù kò lè fi náírà ra epo ọ̀kadà níbẹ̀, CFA ló ń ná. Ẹni tó ti ń fi ₦5,000 ránṣẹ́ lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ June 2023 ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta ohun tó ṣèlérí ránṣẹ́ ni, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún iye náà gbé yẹ̀ wò lọ́dún yìí. Bí agbára kò bá gbé e, owó kékeré tí kì í yẹ̀ sàn ju ìdáwó ńlá ọjọ́ kan ṣoṣo lọ, torí pé oṣooṣù ni míṣọ́nnárì ń san owó ilé. Ẹ gba rìsíìtì pẹ̀lú.

Àdúrà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń lọ bá. "Olúwa, ran àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́" kò burú, ṣùgbọ́n ẹ béèrè orúkọ ẹnì kan, ìlú tó wà, èdè tó ń kọ́, àìsàn tó ń bá a jà, ìwé ìgbélùú tó ń dúró dè. Bó bá wà níbi tí ìgbàgbọ́ ti lè gbẹ̀mí ẹni, ẹ má ṣe gbé àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp tàbí Facebook. Thérèse ti Lisieux kò kúrò nínú ilé àwọn obìnrin tó fara wọn fún Ọlọ́run títí ó fi kú lọ́mọ ọdún 24, síbẹ̀ òun àti Francis Xavier ni Póòpù fi ṣe olùgbèjà iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní 1927. Àwọn ọmọdé náà ní ìpín tiwọn: láti 1843 ni ẹgbẹ́ Holy Childhood ti ń kọ́ wọn láti máa gbàdúrà, kí wọ́n sì máa dá kọ́bọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ òkèèrè.

Ẹ sàmì sí ọjọ́ 22 May, ọjọ́ tí wọ́n sọ Pauline Jaricot di Alábùkún ní Lyon ní 2022. Ọjọ́ 25 June, tí Bíṣọ́ọ̀bù Brésillac kú. Ọjọ́ 1 October, ti Thérèse. Àti ọjọ́ 3 December, ti Francis Xavier. Kí ọjọ́ 18 October tó dé, ẹ lọ bá akọ̀wé ìjọ yín, ẹ kó èèyàn mẹ́wàá jọ nínú ọgbà ilé tàbí òpópónà yín, ẹ sọ iye tí ẹ ó máa dá lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ orúkọ míṣọ́nnárì kan sí etí àlámànàkì yín.