Orúkọ Lè Yí Padà, Ìtàn Kò Gbọdọ̀ Sọnù

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, orílẹ̀-èdè wa bọ́ orúkọ Dahomey sílẹ̀, ó sì gba orúkọ Bẹ̀nẹ̀. Ní Ofè, ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn òkè kò ṣípò padà. Ẹni tó mọ ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ mọ̀ pé òun náà ni. Ṣé kọ̀ǹpútà lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń lo irinṣẹ́ tó ń pa ìtàn iṣẹ́ wọn mọ́: ẹni tó ṣe àtúnṣe, ọjọ́ tó ṣe é àti ìdí rẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Git, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, dá sílẹ̀ ní ọdún 2005.

Bí a bá yí orúkọ ìwé kan padà, Git kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ yí. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ló ń wò. Ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣírò àmì kan; bí ọ̀rọ̀ kò bá yí, àmì kò ní yí, orúkọ yòówù kí ìwé náà máa jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá yí díẹ̀, Git á fi ìwé tó pòórá wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí wọ́n bá jọra tó ìdajì, ìyẹn 50 nínú 100, á gbà pé ìwé kan náà ni.

Ewu wà níbẹ̀. Bí a bá yí orúkọ padà, tí a sì tún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan náà, Git á rò pé ìwé àtijọ́ ti kú, pé àjèjì ló dé. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìwé tuntun kò ní tètè rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ọlọ́gbọ́n a kọ́kọ́ yí orúkọ, wọ́n á fi í pamọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún ọ̀rọ̀ kọ.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ èésú, ẹ̀kọ́ yìí kàn yín. Bí ẹgbẹ́ bá gba orúkọ tuntun, ẹ kọ orúkọ àtijọ́ sí ojú ewé kìíní ìwé tuntun, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó yí padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó tí ìyá kan dá lánàá lè di owó tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ́la.