Ta Ni Ká Kọ́kọ́ Dá Lóhùn? Pípín Iṣẹ́ àti Títo Ìtọ́jú Aláìsàn Nínú Wọ́ọ̀dù ní Bouaké

Ní àwọn ilé ìwòsàn Côte d'Ivoire, major ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pe nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù. Ní Nàìjíríà, òun ni a ń pè ní nọ́ọ̀sì alábòójútó, tàbí sístà lẹ́nu àwọn àgbàlagbà. Òun kọ́ ni dókítà, òun kọ́ sì ni ọ̀gá ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, òun ló ń pinnu, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan, aláìsàn tí a ó kọ́kọ́ dá lóhùn, ẹni tí yóò ṣì dúró, àti òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Bí ó bá pín iṣẹ́ náà dáadáa, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ṣe ohunkóhun. Bí ó bá ṣì í pín, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Ìlú Bouaké wà ní àárín orílẹ̀-èdè náà, ní ilẹ̀ àwọn Baoulé. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì tó wà níbẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CHU, ni àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké agbègbè náà ń fi aláìsàn tí ọ̀ràn rẹ̀ bá le ránṣẹ́ sí. INFAS, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ní ẹ̀ka níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú wọ́ọ̀dù, ènìyàn yóò gbọ́ Faransé, Baoulé àti Dioula. Yóò gbọ́ Yorùbá náà nígbà mìíràn, nítorí àwọn oníṣòwò wa, tí ọ̀pọ̀ wọn ti Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wá, ti ń gbé Côte d'Ivoire láti ìran dé ìran.

Ìlú yìí mọ ohun tí àìtó òṣìṣẹ́ ń jẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, Bouaké sì di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ìjọba sá lọ sí gúúsù, àjọ Médecins Sans Frontières ló sì wá ràn án lọ́wọ́ kí ilé ìwòsàn ńlá náà má baà tì pa. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ìbò, ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ìjọba kéde pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú fún gbogbo ènìyàn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Èrò wọ́ tìtì dé, oògùn sì ń tán nílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2012, wọ́n dín ọ̀fẹ́ náà kù sí àwọn kan, bí aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó ṣe ìpinnu tirẹ̀, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti ní láti máa ṣe ìpinnu tirẹ̀ láràárọ̀: ta ni kí ó wọlé?

Àìtó yìí kì í ṣe ti Bouaké nìkan. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2025 sọ pé nọ́ọ̀sì tí ayé ṣì nílò lọ́dún 2023 tó mílíọ̀nù 5.8. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí òṣìṣẹ́ yóò pé kí ó tó kọ́ bí a ti ń pín iṣẹ́ yóò dúró pẹ́.

Ẹni tí kò pariwo

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan tó lè ṣẹlẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù ọmọdé èyíkéyìí lásìkò òjò, nígbà tí ibà bá ń jà. Aago méje alẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì méjì àti aṣèrànwọ́ kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọmọ méjìlélógún. Ìyá kan ń ké pé dírípù ọmọ òun ti dúró. Bàbá kan tó múra bí olówó fẹ́ mọ ìgbà tí dókítà yóò wo ọmọ òun tó fi apá ṣẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àgbà kan tó ti abúlé dé gbé ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, lé èjìká. Ọmọ náà kò sunkún, kò béèrè omi, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. Fáìlì rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí òun ló dé kẹ́yìn.

Ọ̀dọ̀ ọmọ yìí ni ó yẹ kí alábòójútó kọ́kọ́ lọ. Ọmọ tó ń ké ṣì ní agbára láti ké. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún yíyan àwọn ọmọdé tó ń ṣàìsàn lẹ́sẹẹsẹ, tí a mọ̀ sí ETAT, ní kí a kọ́kọ́ wo mímí ọmọ. Lẹ́yìn èyí, kí a wo bóyá ọwọ́ rẹ̀ tutù tí iṣan rẹ̀ sì ń lù wéréwéré láìlágbára, bóyá ó ti dákú tàbí gìrì ń mú un, àti bóyá ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ omi ara rẹ̀. Bí a bá rí ọ̀kan nínú wọn, ìtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ béèrè ìwé, a kò sì gbọ́dọ̀ béèrè owó. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni ọmọ jòjòló tí kò tíì pé oṣù méjì, ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ọmọ tó rù gan-an tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ẹni tó jóná, ẹni tó jẹ májèlé, ẹni tí ara ń ro gidigidi, àti ẹni tí ilé ìwòsàn mìíràn fi ìwé kánjúkánjú rán wá. Àwọn yòókù lè tò. Fún ẹni tó ti kọ́ ọ, gbogbo àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ohun kékeré ni ó jọ, ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn Queen Elizabeth ní Blantyre, orílẹ̀-èdè Màláwì, nígbà tí wọ́n tún ètò ìgbàwọlé àwọn ọmọdé ṣe lọ́nà yìí, iye ọmọ tó ń kú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà wọ́n sílé ìwòsàn sọ̀ kalẹ̀ láti ìdá 10 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 6 sí 8. Ìròyìn náà jáde ní ọdún 2006. Pàtàkì ohun tí wọ́n yí padà ni ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ wò àti ibi tí wọ́n ti ń wò ó.

Iṣẹ́ wo ló ṣe é rán?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú wọ́ọ̀dù, aṣèrànwọ́ lè wọn ìgbóná ara, ó lè ka mímí, ó lè wọn ìwúwo ọmọ, ó lè wẹ aláìsàn, kí ó yí i padà kí egbò ìdùbúlẹ̀ má baà mú un, kí ó sì sáré lọ gba ẹ̀jẹ̀ wá láti ilé ìfi-ẹ̀jẹ̀-pamọ́. Bí alábòójútó bá ń ṣe gbogbo ìwọ̀nyí fúnra rẹ̀, kì í ṣe aápọn ni ó ń ṣe. Ó ń fi ojú tó yẹ kó wà lára gbogbo wọ́ọ̀dù sórí ibùsùn kan ṣoṣo ni.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò ṣe é rán. Wíwo aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti mọ bí ọ̀ràn rẹ̀ ti le tó, ti nọ́ọ̀sì ni. Ìpinnu lórí ìwọ̀n oògùn, ti nọ́ọ̀sì àti dókítà ni. Kí a tó fa ẹ̀jẹ̀ sí ènìyàn lára, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni yóò fi orúkọ aláìsàn àti irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wé ohun tí a kọ sára àpò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, yóò sì wà nítòsí ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, nítorí àsìkò yẹn ni ewu ẹ̀jẹ̀ tí kò bára mu sábà máa ń fara hàn. Bákan náà ni yíyá dírípù. Aṣèrànwọ́ lè fọwọ́ kan ọmọ kí ó sì jábọ̀ pé ó tutù, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ṣí omi sílẹ̀ kó máa ya wọ̀ ọ́ lára. Ìwádìí FEAST tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ 3,141 ní Kẹ́ńyà, Tanzania àti Uganda, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011, fi hàn pé dída omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sára àwọn ọmọ tí ibà líle bá dá gúnlẹ̀ mú kí ikú pọ̀ sí i. Ohun tó jọ àánú lójú lè pa ọmọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2008, ìpàdé àgbáyé kan wáyé ní Addis Ababa lórí gbígbé iṣẹ́ láti ọwọ́ dókítà fún nọ́ọ̀sì, àti láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì fún òṣìṣẹ́ ìlera ìlú, pàápàá nínú ìtọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV. Ìmọ̀ràn 22 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde. Lára wọn ni pé iṣẹ́ tí a bá gbé fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àbójútó àti owó ọ̀yà nínú. Ti owó ọ̀yà yìí ni àwọn alákòóso sábà máa ń gbàgbé.

Bí a ṣe ń rán iṣẹ́

Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n gidi ni nínú ìdílé, ṣùgbọ́n nínú wọ́ọ̀dù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ẹ rán ní láti fi ọgbọ́n orí tún iṣẹ́ ṣe. Ẹ sọ ọ́ kí ó pé. Gbólóhùn bí “Ẹ máa wo ọmọ yẹn o” kò sọ nǹkan kan. Ẹ fi èyí wé e: “Mà, ẹ bá mi ka mímí ọmọ ibùsùn karùn-ún báyìí, fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ó bá tó 40, tàbí bí kò bá lè mu omi, ẹ wá pè mí lójú ẹsẹ̀, ẹ má parí ti àwọn yòókù ná. Èmi náà á padà wò ó ní aago mẹ́jọ.” Iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, àsìkò wà níbẹ̀, iye tó ń dẹ́rù bani wà níbẹ̀ (40 yẹn, ti ọmọ tó ti pé ọdún kan ni, fún ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50 ni), ìlérí pé a ó padà wá sì wà níbẹ̀. Kí aṣèrànwọ́ tún un sọ padà kí ó tó lọ.

Ẹ kíyè sí “Mà” yẹn. Ní ilẹ̀ wa, ó wọ́pọ̀ kí nọ́ọ̀sì ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n máa darí aṣèrànwọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó bí i. Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa bẹ̀rù láti rán àgbà níṣẹ́, wọn a sì máa dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Àwọn mìíràn a máa pàṣẹ bí ọ̀gá ológun. Méjèèjì ń ṣe aláìsàn ní ibi. Ọ̀wọ̀ wà nínú ohùn àti nínú bí a ṣe pe ènìyàn; kò béèrè pé kí ọ̀rọ̀ má ṣe kedere.

Ní yàrá ìbímọ, iye tó ṣe kedere ti gba ẹ̀mí là. Ìwádìí E-MOTIVE tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, tó jáde ní ọdún 2023, lo aṣọ ike tó ní ìlà ìwọ̀n lára láti gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì so ó pọ̀ mọ́ ìtọ́jú tí a ń ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣòro ẹ̀jẹ̀ dídà tó le jù dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú lásán sábà máa ń fojú kéré ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n “Bí ó bá dé ìlà 500, ẹ ké sí mi” kò ṣe é ṣì gbọ́.

Lẹ́yìn tí a bá rán iṣẹ́ tán, ojúṣe rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹni tó rán an. Florence Nightingale ti kọ orí ìwé kan lórí èyí nínú ìwé rẹ̀ Notes on Nursing ní ọdún 1859: ó fẹ́ kí alábòójútó ṣètò kí ohun tí òun ń ṣe nígbà tí òun wà níbẹ̀ máa lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun kò sí. Ẹni tí wọ́ọ̀dù rẹ̀ dàrú nígbàkúùgbà tó bá lọ jẹun kò tíì pín iṣẹ́ rárá.

Fún ẹ̀yin aláìsàn àti ìbátan

Ní Bouaké, bí ó ti rí ní Ìbàdàn, ìbátan ló ń sùn ti aláìsàn, tó ń fún un lóúnjẹ, tó sì ń sáré ra oògùn. Òṣìṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé owó oṣù ni yín. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé, “Kí ni kí n máa wò? Kí ni kí n fi pè yín?” Ẹ lè fún ọmọ ní omi iyọ̀ àti ṣúgà ti ilé ìwòsàn ní ṣíbí ṣíbí, kí ẹ sì ka iye ìgbà tó yàgbẹ́. Ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ dírípù tàbí ti ọ́síjìn, kódà bí ó bá jọ pé kò lọ mọ́.

Bí wọ́n bá pe ẹni tó dé lẹ́yìn yín ṣáájú yín, ó lè jẹ́ pé ọ̀ràn tirẹ̀ le jù. Ẹ béèrè, wọ́n yóò sọ. Ṣùgbọ́n bí ara aláìsàn yín bá yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti wò ó, bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, bí kò bá lè mu ọmú tàbí tí oorun rẹ̀ kò bá ṣe é jí, ẹ má jókòó de ìgbà tó kàn yín. Ẹ dìde lọ bá nọ́ọ̀sì. Bí ẹ kò bá gbọ́ Faransé, ẹ wá àgbàlagbà tó gbọ́ ọ kó túmọ̀ fún yín. Ẹ má fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ìbímọ.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń pààrọ̀ iṣẹ́, kí alábòójútó tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ rìn láti ibùsùn dé ibùsùn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí wọ́n rán tí kò tíì parí sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọ́n rán. Ọ̀dọ̀ aláìsàn tí ọ̀ràn rẹ̀ le jù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibi yòówù kí ibùsùn rẹ̀ wà.